Fàdákà, Síǹkì, Wúrà Tàbí Sẹlíníọ́ọ̀mù: Èwo Ló Yẹ Ká Fi Ewé Ṣe Bí A Bá Ń Wá Oògùn Àìbalẹ̀ Ọkàn?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ewé ṣe nánòpátíkù mẹ́táàlì (èérún tó kéré débi pé ojú kò lè rí i), tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dín àìbalẹ̀ ọkàn kù, ìpinnu àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni irú mẹ́táàlì tó máa lò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń mú fàdákà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí òun ló yá jù. Ẹ da omi ewé sí i, àwọ̀ rẹ̀ yí padà níṣojú yín, orí kìíní ìwé àṣekágbá ti délẹ̀ nìyẹn. A ò fara mọ́ ọn. Ohun tí mẹ́táàlì náà máa ṣe lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú ikùn ló yẹ kó pinnu, kì í ṣe bó ṣe yá tó nínú ife láàbù. Bí a bá sì fi ìyẹn wọ̀n wọ́n, fàdákà ló máa gbẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. A ó yòrò iyọ̀ mẹ́táàlì sínú omi, a ó da omi ewé lé e. Àwọn èròjà inú ewé, pàápàá polyphenol àti flavonoid, á fún mẹ́táàlì bíi fàdákà àti wúrà ní electron, á sì kúrò ní iyọ̀, á di èérún; síǹkì ní tirẹ̀ kì í gba electron yìí, oxide ló máa ń dà. Èròjà ewé yìí kan náà ló máa bo èérún náà lára kí wọ́n má baà ṣù pọ̀. Nánòmítà 1 sí 100 ni ìwọ̀n èérún kọ̀ọ̀kan, nánòmítà mílíọ̀nù kan ló sì wà nínú mílímítà kan ṣoṣo.

Ohun kan gbọ́dọ̀ hàn sí gbogbo ẹni tó ń ka èyí: kò sí nánòpátíkù mẹ́táàlì tí a fi ewé ṣe tí wọ́n ti fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí oògùn àìbalẹ̀ ọkàn fún ènìyàn. Láàbù àti ara eku ni ẹ̀rí tó wà ti ń wá. Ẹni tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́lọ́wọ́ lè kọjá sí apá tó kẹ́yìn, ibẹ̀ la ti bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè kìíní: ṣé mẹ́táàlì náà fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe nínú ọpọlọ, àbí ó kàn ń bá ewé ru ẹrù ni? Èkejì: níbo ló ń lọ nínú ara, ṣé ó sì ń jáde? Ẹ̀kẹta: bí a bá gbé ìwọ̀n tí eku lò wá sára ènìyàn, ṣé kò ní ju ohun tí ara lè gbà lọ? Lẹ́yìn èyí ni ká tó sọ ti owó, ti irinṣẹ́, àti bóyá ẹlòmíì lè tún un ṣe kó jáde bákan náà.

Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ ìṣirò kékeré ni. Ẹ fi 6.2 pín mílígírámù tí ẹ fún eku fún kílógíráàmù kan. Bó bá jẹ́ èlírí, 12.3 ni ẹ ó fi pín in. Ẹ wá fi ìwúwo ènìyàn sọ ọ́ di púpọ̀. Mg 10 fún kílógíráàmù kan lára eku á di nǹkan bíi mg 97 lójúmọ́ fún ẹni tó wọn kílógíráàmù 60.

Ìṣirò kejì wà fún àpò yín. Eku 8 nínú ẹgbẹ́ kan, gíráàmù 200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mg 10 fún kílógíráàmù kan lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28. Mg 2 ni ti eku kan lójúmọ́, mg 448 sì ni ti ẹgbẹ́ náà látòkè délẹ̀. Iye tí ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣe jáde nìyẹn, fún ẹgbẹ́ kan péré. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló máa ń dúró lójú ọ̀nà torí pé wọn ò ṣírò èyí kí wọ́n tó ra iyọ̀.

Fàdákà

Ẹ kó gíráàmù 10 ewé gbígbẹ tí ẹ ti lọ̀ sínú mL 100 omi distilled, ẹ gbé e kaná ní 60 sí 80°C fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi bébà Whatman No. 1 sẹ́ ẹ, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì ní 4°C. Kó má pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ẹ tó lò ó. Gíráàmù 0.17 silver nitrate, ìyẹn iyọ̀ fàdákà, nínú lítà omi kan ló ń fún yín ní 1 mM (mM àti M ni wọ́n fi ń wọn bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi). Ẹ da mL 10 omi ewé sínú mL 90 rẹ̀, kí ẹ sì fi fóìlì wé ife náà. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ iyọ̀ fàdákà di èérún. Bí ẹ ò bá wé e, ẹ ò ní lè sọ bóyá ewé ló ṣiṣẹ́ tàbí fèrèsé.

Àwọ̀ rẹ̀ á di ìyeyè, lẹ́yìn náà á di búráùn. Nínú ẹ̀rọ UV-Vis, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí omi náà ń fà mú, òkè ìlà rẹ̀ (ibi tó ti ń fà á mú jù) yẹ kó wà láàárín nánòmítà 400 àti 450. Bí òkè náà bá fẹjú tó sì sún kọjá 500, èérún ti ń ṣù pọ̀. Bí omi bá funfun bí ẹ ṣe da ewé sí i, silver chloride lẹ ṣe yẹn: chloride, èròjà tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, wà nínú omi tí ẹ lò tàbí nínú ewé fúnra rẹ̀. Omi ẹ̀rọ àti omi bọ́họ́òlù kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fi normal saline (omi iyọ̀ ilé ìwòsàn) pò ó láti fún eku, torí saline kún fún chloride.

Fàdákà ní àyè tirẹ̀. Ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef ń darí ti fi èèpo kòkó, èèpo obì àti oríṣiríṣi nǹkan tí a máa ń dà nù ṣe nánòpátíkù fàdákà, wọ́n sì ti dán an wò lórí bakitéríà. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ló yàtọ̀. Ara ènìyàn kò ní iṣẹ́ kankan tó ń fi fàdákà ṣe. Nígbà tí àwọn oníwàádìí fún eku ní nánòpátíkù fàdákà mu fún ọjọ́ 28 tí wọ́n sì dáwọ́ dúró, fàdákà kúrò nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara láàárín ọ̀sẹ̀ 8, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ọpọlọ àti kórópọ̀n. Àìbalẹ̀ ọkàn kì í ṣe àìsàn tí ènìyàn ń lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù lọ́nà oṣù ni. Ohun tó ń wọ ọpọlọ tí kì í tètè jáde kò yẹ fún un.

Ẹ wo ìwọ̀n náà pẹ̀lú. Mg 1 péré fún kílógíráàmù eku kan á di mg 9.7 fún ènìyàn lójúmọ́. EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, ní kí fàdákà tí ènìyàn ń gbé mì lójoojúmọ́ má ju máíkírógíráàmù 5 fún kílógíráàmù kan lọ, ìyẹn mg 0.3 fún ẹni kílógíráàmù 60. Ó lé ní ìlọ́po 30. Fàdákà tó bá kó jọ sínú awọ ara a máa sọ ọ́ di àwọ̀ eérú, kì í sì í lọ mọ́. Láti 1999 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ti sọ pé oògùn orí àtẹ tí wọ́n fi omi fàdákà ṣe kò ní ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sì ní ẹ̀rí pé kò léwu. Níti owó, iyọ̀ rẹ̀ kò wọ́n bíi ti wúrà, ṣùgbọ́n lítà kan 1 mM kò lè mú ju mg 108 jáde. Kí ẹ tó rí mg 448, ẹ ó po ju lítà 4 lọ, bí ẹyọ kan ò bá sì ṣòfò nígbà tí ẹ ń fọ̀ ọ́ nínú centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí pòòyì láti ya èérún kúrò nínú omi, nìyẹn.

Síǹkì

Òun ni a dúró lé jù, òun náà ló sì ní kọ́lọ́fín tó pọ̀ jù, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Síǹkì ní iṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ó wà nínú àwọn àpò kéékèèké tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń tú glutamate jáde, ó sì máa ń dí NMDA receptor lọ́wọ́, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí glutamate ń gbà ta ọpọlọ jí. Eku tí wọ́n fún ní oúnjẹ tí kò ní síǹkì tó máa ń hùwà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ara tún mọ bí a ṣe ń tì í jáde, inú ìgbẹ́ ni púpọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ. Nítorí náà ìdí wà láti bi í ní ìbéèrè.

Ẹ yòrò gíráàmù 2.2 zinc acetate tó ní omi 2 lára nínú mL 100 omi distilled, ìyẹn 0.1 M. Ẹ máa rò ó ní 60°C bí ẹ ti ń da omi ewé sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá fi sodium hydroxide gbé pH rẹ̀ sí nǹkan bíi 10 sí 12, kí ẹ sì rò ó fún wákàtí 2. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tàbí aláwọ̀ ìyeyè díẹ̀ á sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi omi àti ethanol fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí gbogbo rẹ̀ bá jáde, gíráàmù 0.81 zinc oxide lẹ ó rí, ife kan sì ti tó ẹgbẹ́ eku kan. Nínú gbogbo àwọn tí a ń fi wéra, òun ló rọ àpò lọ́rùn jù.

Ibi tí wàhálà wà ni gbígbẹ rẹ̀. Àṣà tó gbòde ni pé kí wọ́n yan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà nínú fọ́nìsì ní 400°C fún wákàtí 2. Zinc oxide tó mọ́ á jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 400°C, èròjà ewé ti jóná. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè kọ ọ́ mọ́ pé flavonoid tó bo èérún náà ló fọkàn eku balẹ̀. Kò sí flavonoid níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì sọ pé ẹ ò yan án, pé 60 sí 80°C lẹ fi gbẹ ẹ́, ó lè jẹ́ zinc hydroxide tàbí síǹkì tó so mọ́ èròjà ewé lẹ ní, kó má jẹ́ zinc oxide. XRD, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray mọ irú ohun tí èérún jẹ́, ló máa sọ: ti zinc oxide, òkè mẹ́ta àkọ́kọ́ lórí ìlà rẹ̀ máa ń wà ní dígírì 31.8, 34.4 àti 36.3. Ẹ ṣe méjèèjì, èyí tí ẹ yan àti èyí tí ẹ kò yan, ẹ gbé wọn lọ fún XRD, kí ẹ sì ṣe TGA, ìyẹn kíkaná mọ́ ọn kí a sì wo bí ìwúwo rẹ̀ ṣe ń dín kù, láti mọ iye èròjà ewé tó kù lára wọn. Àwòrán àwọ̀ nìkan kò tó, funfun ni gbogbo wọn.

Kọ́lọ́fín kejì wà nínú ikùn. Zinc oxide kì í dúró nínú ásíìdì, ásíìdì ikùn sì le gan-an. Nánòpátíkù tí ẹ bá gbà ẹnu fún eku á yòrò níbẹ̀, púpọ̀ rẹ̀ á sì wọnú ẹ̀jẹ̀ bí síǹkì lásán, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí eku gbé oògùn síǹkì orí àtẹ mì. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ kan tó ń mu zinc sulphate tí síǹkì inú rẹ̀ bá tiyín dọ́gba. Mg 10 zinc oxide ní mg 8.03 síǹkì nínú. Zinc sulphate tó ní omi 7 lára, mg 35.3 rẹ̀ ló ní iye kan náà. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ṣe bákan náà, síǹkì ni oògùn yín, nánò kò fi nǹkan kan kún un. Ìdáhùn tó wúlò ni, ẹ má fi pamọ́.

Níti ìwọ̀n: mg 97 zinc oxide tí a ṣírò lókè yẹn ní mg 78 síǹkì. Ní Amẹ́ríkà, mg 40 lójúmọ́ ni wọ́n fi ṣe òkè tí àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Síǹkì tó pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ kì í jẹ́ kí ara gba bàbà, àìtó ẹ̀jẹ̀ sì ń bá a wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mg 2 tàbí 5 fún kílógíráàmù kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 50 tàbí 100, ohun tó rí kò lè débi ènìyàn láéláé.

Wúrà

Wúrà kò ní iṣẹ́ nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n kì í bá ohunkóhun jà. Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn: ó máa ń gbé èròjà mìíràn lọ láìyí padà. Bí èérún rẹ̀ ṣe máa tóbi tó tún rọrùn láti darí, ẹlòmíì sì lè ṣe é kó jọ tiyín. Nígbà tí Michael Faraday ṣe omi wúrà pupa ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1857, kò ju kẹ́míkà díẹ̀ lọ tó lò. Ìgò rẹ̀ ṣì wà ní Royal Institution.

Gíráàmù 0.39 chloroauric acid tó ní omi 3 lára, ìyẹn iyọ̀ wúrà, nínú lítà omi kan ni 1 mM. Iyọ̀ yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń jẹ irin, torí náà ẹ má fi ṣíbí irin bù ú. Ohun tó dára jù ni kí ẹ yòrò odindi ìgò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tọ́jú omi rẹ̀ sínú òkùnkùn. Bí ewé bá wọ inú rẹ̀, ó lè pọ́n láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, òkè rẹ̀ á sì wà láàárín nánòmítà 520 àti 550. Ife tí ìdọ̀tí wà lára rẹ̀ máa ń bà á jẹ́. Aqua regia ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń fọ ife, nitric acid ìdá kan sí hydrochloric acid ìdá mẹ́ta. Inú fume hood, àpótí láàbù tó ń fa èéfín jáde, nìkan ni kí ẹ ti pò ó, ẹ má sì dé ìgò rẹ̀ pa, torí gáàsì inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò náà.

Bí omi pupa náà bá di búlúù nígbà tí ẹ pò ó mọ́ saline, èérún ti ṣù pọ̀. Ẹ dà á nù, kí ẹ lo omi glucose 5%. Eku tí ẹ bá fún ní èyí tó ti ṣù, ohun mìíràn lẹ fún un.

Ẹ̀dọ̀ àti spleen (ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀) ni wúrà tó bá wọ ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ jókòó sí, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Èyí tí eku gbà ẹnu mu kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ti fi wúrà ṣe oògùn: FDA fọwọ́ sí auranofin ní 1985 fún làkúrègbé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nánòpátíkù, kì í sì í ṣe fún ọkàn. Iyọ̀ wúrà wọ́n ju ti síǹkì lọ ní ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po. Mg 10 fún kílógíráàmù kan á gba gíráàmù 0.9 iyọ̀ yìí fún ẹgbẹ́ kan. Mg 1 á gba gíráàmù 0.09. Ìwọ̀n kejì ni kí ẹ ronú lé.

Sẹlíníọ́ọ̀mù

Kì í ṣe mẹ́táàlì tòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń kà á mọ́ wọn. Ara nílò rẹ̀ láti ṣe glutathione peroxidase, tó ń gbógun ti ìpalára oxygen nínú sẹ́ẹ̀lì, ọpọlọ sì máa ń di tirẹ̀ mú nígbà tí ó bá wọ́n nínú ara yòókù. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ dá lórí ìpalára oxygen àti àìbalẹ̀ ọkàn lè rí nǹkan mú níbí.

Gíráàmù 0.17 sodium selenite nínú mL 100 omi ni 10 mM. Májèlé ni iyọ̀ yìí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Ewé nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára tó láti yí i padà, torí náà wọ́n sábà máa ń fi ascorbic acid (fítámì C) tì í lẹ́yìn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ife kan tó ní ascorbic acid láìsí ewé, kí ẹ mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́. Ó máa pọ́n bíi bíríkì. Bó bá di àwọ̀ eérú tàbí dúdú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ti yí padà sí oríṣi mìíràn, kò ṣeé lò mọ́.

Ìwọ̀n ni ìṣòro rẹ̀. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 55 lójúmọ́. Òkè tí kò gbọ́dọ̀ kọjá jẹ́ 400 ní Amẹ́ríkà. Ní Yúróòpù, 255 ni wọ́n fi sí ní 2023. Mg 0.5 fún kílógíráàmù eku kan, tó jọ pé ó kéré, á di máíkírógíráàmù 4,840 lára ènìyàn. Nánòpátíkù rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹranko lára bíi selenite, ṣùgbọ́n kò rọrùn débi tí ìwọ̀n yìí fi máa dára. Irun jíjá, èékánná tó ń ṣẹ́, àti èémí tó ń rùn bí áyù ni àmì pé ó ti pọ̀ jù.

Irin

Irin ti rìn jìnnà ju gbogbo wọn lọ nílé ìwòsàn. Ferumoxytol jẹ́ nánòpátíkù iron oxide tí FDA fọwọ́ sí ní 2009 fún àìtó ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilé iṣẹ́ oògùn ló ń ṣe é, kì í ṣe ewé, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ni wọ́n ń gbà fún ni. Síbẹ̀, ní 2015 wọ́n fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sí i lára torí àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́ débi ikú. Fún àìbalẹ̀ ọkàn, a ò rí ìdí tó fi yẹ kó ṣáájú síǹkì.

Ewé láìsí mẹ́táàlì

Àṣàyàn tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé nìyí, bẹ́ẹ̀ òun ló lè sọ gbogbo iṣẹ́ yòókù di asán. Ẹ mú koríko ọba, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń mu ún láti fi ọkàn balẹ̀ àti láti sùn, àwọn oníwàádìí fún ènìyàn mu, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986: wọn ò rí i pé ó mú oorun wá tàbí pé ó dín àìbalẹ̀ ọkàn kù. Epo òdòdó lavender ṣe dáadáa jù ú lọ nínú ìwádìí lára ènìyàn, wọ́n sì ń tà á ní Jámánì bí oògùn oníkápúsù mg 80. Ẹni tó fẹ́ fi koríko ọba ṣe nánòpátíkù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé epo tó ń ta sánsán nínú rẹ̀ ń fò lọ nígbà tí ó bá ń hó láìbò. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú omi ewé náà kì í ṣe ohun tó wà nínú epo rẹ̀.

Ewé tí a já ní ìgbà òjò kò dọ́gba pẹ̀lú ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kọ oṣù àti ibi tí ẹ ti já a sílẹ̀, kí ẹ mú ẹ̀ka kan lọ sí Forest Herbarium ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ fún ìdámọ̀, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ẹ má já ewé ẹ̀bá títì. Òjé àti àwọn mẹ́táàlì mìíràn inú eruku ibẹ̀ á bá yín dénú ìdánwò.

Ìdánwò lára eku, ẹgbẹ́ àfiwé

Irú mẹ́táàlì yòówù kí ẹ mú, ẹgbẹ́ àfiwé ló máa gbà yín là. Ẹ nílò omi lásán, omi ewé nìkan, iyọ̀ mẹ́táàlì nìkan, nánòpátíkù tí a kò fi ewé ṣe, nánòpátíkù tiyín ní ìwọ̀n méjì, àti diazepam, oògùn àìbalẹ̀ ọkàn tí a ti mọ̀. Ẹgbẹ́ 7, eku 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, eku 56. Bí owó ò bá tó, ẹ yọ ìwọ̀n kan kúrò nínú tiyín, ẹ má yọ omi ewé, ẹ má sì yọ iyọ̀. Kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlò ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ yín fọwọ́ sí i kí ẹ tó ra eku kankan.

Elevated plus maze ni wọ́n sábà ń lò: pátákó alápá mẹ́rin, apá kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50, ó fẹ̀ ní 10, a sì gbé e sókè ní 50. Apá méjì ní ògiri, méjì kò ní. Eku tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ máa ń jáde sí ibi tí kò sí ògiri. Ìṣẹ́jú 5 ló máa lò níbẹ̀. Diazepam, mg 1 fún kílógíráàmù kan, ni ẹ ó ti fún ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí eku kan gun pátákó náà. Lẹ́ẹ̀kejì, diazepam pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú kò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí eku náà mu.

Ẹ máa ka iye ìgbà tó wọ apá ológiri pẹ̀lú. Bí iye yẹn bá já wálẹ̀, oorun ló ń kun eku náà tàbí ara rẹ̀ kò yá, kì í ṣe ìbàlẹ̀ ọkàn. Ẹ ṣọ́ra gan-an bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ sí ikùn lẹ ń lò. Omi ewé kún fún ìdọ̀tí bakitéríà tí gbígbóná kì í pa run, eku tí ó bá wọ ara rẹ̀ á sì ká jọ sí kọ̀rọ̀, á dà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹnu ni ká gbà fún un.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà tó ní fọ́nìsì, UV-Vis, àti ibi tó lè gbé XRD lọ, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀: síǹkì, pẹ̀lú ẹgbẹ́ zinc sulphate tí kò gbọ́dọ̀ yọ. Ẹni tó ń ṣe PhD, tó ní TEM àti DLS (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán èérún àti èyí tó ń wọn bó ṣe tóbi tó), tó fẹ́ mọ̀ bóyá èérún lè gbé èròjà ewé kan pàtó dé ọpọlọ: wúrà, ní ìwọ̀n kékeré, kó sì wọn wúrà inú ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Sẹlíníọ́ọ̀mù yẹ láàbù tó mọ iṣẹ́ májèlé, tó lè wọn iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ti ní fàdákà nílẹ̀, kó lò ó fún bakitéríà. Ẹni tí kò ní owó mẹ́táàlì kankan, kó ṣe iṣẹ́ omi ewé nìkan kó sì ṣe é dáadáa. A ka ìyẹn sí iṣẹ́ tó dára ju fàdákà tí kò ní ẹgbẹ́ àfiwé lọ.

Ẹni tí àyà ń já, tí oorun ò wá, tí ọkàn kì í balẹ̀ lójoojúmọ́: ẹ má mú ìkankan nínú wọn. Omi fàdákà tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe oògùn yín. Nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò àgbo fi hàn pé wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ka ìwé ara ìgò náà, ẹ óò rí i níbẹ̀ pé wọn kò tíì yẹ ohun tó ní òun ń wò wò. Ẹ lọ bá dókítà, ẹ sì béèrè fún GAD-7, ìbéèrè méje tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 21. Láti 10 lọ sókè, ó yẹ kí wọ́n wádìí sí i. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta àti ti Yaba ní Èkó ń gba irú aláìsàn yìí, kì í ṣe àwọn tí orí wọn dàrú nìkan. Ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀ tí wọ́n ń pè ní CBT ní ẹ̀rí lára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni oògùn bíi sertraline, tí wọ́n sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti mg 25 tàbí 50, tó sì lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kó tó hàn. Diazepam yára, ṣùgbọ́n ó ń di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, kó má dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì torí pé ó rí àgbo tuntun: gìrì lè gbé e. Dókítà ló ń bá ni dín in kù, díẹ̀díẹ̀.